Ogójì ọjọ́ ọlọ́tí: ṣé kí n dúró kó pé kí n tó padà sórí ìrun?

Ìbéèrè

Àsàláàmù aláékùm, Áfáà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi mutí. Mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, mo ń fi oògùn ikọ́ tó ní kòdíìnì kún un, títí ó fi di bárakú. Mo ti ṣe tùúbà, ìyẹn ìronúpìwàdà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì tún padà síbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí tí n kò fẹnu kan ọtí, oògùn tí dókítà ń fún mi nìkan ni mò ń lò, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mo tún ń lọ sí ìpàdé àwa tí a jọ ń sá fún nǹkan yìí, níbi tí oníkálùkù ti ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Arákùnrin kan ní mọ́sálásí wá sọ fún mi pé kí n má tíì yọ ara mi lẹ́nu lórí ìrun, pé ogójì ọjọ́ ni Ọlọ́hun kò fi ní gbà á. Ó ní ẹni tó bá ti padà sí i lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí tùúbà fún un mọ́. Ó ní haráámù ni oògùn dókítà, ó sì ní títú àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ ni ìpàdé náà. Látọjọ́ yẹn n kò kírun mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Wàaláékùmù sàláàmù wàráhmátúlláhì wàbàrákátúhù, ọmọ ìyá mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó ń gba tùúbà àwọn ẹrúsìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ìrun ń bẹ lọ́rùn rẹ lónìí bó ṣe ń bẹ lọ́rùn mi. Má dúró de ogójì ọjọ́, má tilẹ̀ dúró de ọ̀la. Ìdájọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kó gùn díẹ̀, nítorí pé ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí lé kúrò lórí ẹní ìrun. Ẹnì kan wá bá mi tó ti pa ìrun tì fún ohun tó lé lọ́dún kan. Gbogbo ìgbà tí ogójì ọjọ́ rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó pé ló ń ṣubú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ òǹkà látorí oókan. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣubú lè máa kírun.

Hàdíìsì tí arákùnrin náà ń tọ́ka sí wà lóòótọ́. Tirmidhi, Nasai àti Ibn Majah, àwọn tó kó hàdíìsì jọ sínú ìwé, gbà á wá. Nínú rẹ̀ ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé ẹni tó bá mu ọtí, Ọlọ́hun kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tẹ̀lé e tí àwọn tó ń fi hàdíìsì yìí lé ènìyàn kì í kà: bí ó bá ronú pìwà dà, Ọlọ́hun yóò gba ìronúpìwàdà rẹ̀. Wò ó dáadáa. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ka ìlàjì tó sì gé e síbẹ̀ dà bí ẹni tó ka “Ègbé ni fún àwọn olùkírun” nínú Suuratul-Maaun, tó pa Kùránì dé, tó sì ní Ọlọ́hun kọ ìrun fún wa.

Kí wá ni ìtumọ̀ “kò ní gbà á”? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ wọn lójú. Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ kó sì san ẹ̀san rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí ọ̀ranyàn bọ́ lọ́rùn ẹni, ọ̀tọ̀ ni. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú hàdíìsì tí Imaamu Muslim, akójọ hàdíìsì míràn, gbà wá nípa ẹni tó lọ bi awoṣẹ́ léèrè nǹkan, pé wọn kò ní gba ìrun ogójì òru lọ́wọ́ rẹ̀. Imaamu Nawawi, tó kú ní ọdún 676 Hijira, ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni náà kò ní gba ẹ̀san lórí ìrun wọ̀nyẹn, àmọ́ ọ̀ranyàn rẹ̀ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé kò ní tún wọn kí. Ó dà bí ẹni tó san gbèsè tí olówó kò sì kí i kú ìnáwó: kò gba ọpẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò wá sọ pé, “Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò san gbèsè mọ́”? Ìjìyà tí Ọlọ́hun fi bá ọlọ́tí wí, ìyẹn àìrí ẹ̀san, ni wọ́n sọ di ìsinmi fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ló dá tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá bá a fi èyí tó tóbi jù ú lọ kún un, nítorí pé lọ́dọ̀ gbogbo onímọ̀ wa, pípa ìrun tì burú ju ọtí mímu lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwọ ti ronú pìwà dà. Ìkìlọ̀ náà kò bá ọ wí mọ́ rárá.

Mo tún gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ogójì ọjọ́ ni ọtí ń lò nínú ẹ̀jẹ̀, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ànábì kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí bí ọjọ́ kan ni ara máa ń lo ọtí tán. Ẹ má ṣe máa hun ìdí fún ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun látinú orí ara yín.

Ààlà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ fi sáàárín ọlọ́tí àti ìrun wà nínú Suuratun-Nisaai, áyà 43: ẹ má ṣe súnmọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa yín, títí ẹ ó fi mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Títí ẹ ó fi mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ! Kò mẹ́nu ba ọjọ́ kankan. Bí ojú ẹni bá ti dá, ìrun ti pè é. Nínú Risala ti Ibn Abi Zayd, ìwé tí àwa tí à ń tẹ̀lé ìlànà Imaamu Màlíkì fi ń bẹ̀rẹ̀ fíkíhù, ìyẹn ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn, ọtí pípa wà lára ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́, pẹ̀lú oorun àsùnwọra, dídákú àti wèrè. Àlùwàlá nìkan ló bàjẹ́. Ẹni tó ní kí o kọ́kọ́ wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn fi ohun tí kò sí kún ẹ̀sìn. Bí ọtí bá kan aṣọ, fọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀gbin ni lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ìrun tó ti kọjá ńkọ́, tó fi mọ́ èyí tó bọ́ nígbà tí ọtí ń pa ọ́ àti ti ọjọ́ tí arákùnrin yìí dá ọ dúró? Wàá san gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará wa kan ń di ọ̀rọ̀ Ibn Taymiyya, onímọ̀ àtijọ́ kan, mú pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrun sílẹ̀ títí àkókò rẹ̀ fi lọ kò ní san án. Ohun tí àwọn mádhábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ìlànà òfin ti Màlíkì, Hánáfì, Ṣáfíì àti Hánbálì) wà lórí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Gbèsè Ọlọ́hun ló tọ́ jù láti san, bí Ànábì ṣe sọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí iye rẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù. Ibn Abi Zayd sọ pé ẹni tí ìrun púpọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa kí i nígbàkígbà lóru tàbí lọ́sàn-án, ìbá à ṣe ìgbà tí oòrùn ń yọ tàbí tó ń wọ̀, bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fojú bu iye rẹ̀, má fi tì síbi kékeré, kí o wá máa kí ti ọjọ́ kan tàbí méjì mọ́ ti òní.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú ẹ̀gbàwá Tirmidhi, ó wà níbẹ̀ pé bí ó bá padà sí i lẹ́ẹ̀kẹrin tó sì ronú pìwà dà, Ọlọ́hun kò ní gbà á. N kò ní fi pamọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀gbàwá Ibn Majah, ọ̀rọ̀ pé a kọ tùúbà kò sí níbẹ̀. Ìyà tí yóò jẹ ẹni náà lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ kò sì fi hàdíìsì kan gbá áyà Kùránì dànù. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratuz-Zumar, áyà 53, pé kí àwọn ẹrú Òun tó ti ṣe àṣejù sí ẹ̀mí ara wọn má sọ ìrètí nù nínú àánú Òun, pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni Òun ń foríjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ìkìlọ̀ líle ni èyí jẹ́, fún ẹni tó ń fẹnu ṣe tùúbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣètò ìpadà. Ẹni tó fi tọkàntọkàn ṣe é tó tún ṣubú, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ló dá. Tùúbà tuntun ni yóò ṣe, ti àkọ́kọ́ kò sì bàjẹ́.

Bukhari gba ìtàn kan wá láti ẹnu Umar. Ọkùnrin kan wà láyé Ànábì tó ń jẹ́ Abdullah, tó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti nà án rí nítorí ọtí. Lọ́jọ́ kan wọ́n tún mú un wá, wọ́n tún nà án. Ẹnì kan ní, “Kí Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé e, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń mú un wá lemọ́lemọ́!” Ànábì dá a lóhùn pé kí wọ́n má ṣẹ́bi lé e, ó fi Ọlọ́hun búra pé ohun tí òun mọ̀ ni pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọ́n nà án o, ẹ̀ṣẹ̀ kò di kékeré. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lé e jáde. Nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ míràn, Ànábì ní kí wọ́n má ran Ṣàítánì lọ́wọ́ lé arákùnrin wọn lórí. Iṣẹ́ tí ẹni tó ní kí o jókòó sílé ṣe gan-an nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Lórí oògùn dókítà: máa lò ó, bí dókítà ṣe ní kí o lò ó gan-an. Wọ́n bi Ibn Hajar al-Haytami, onímọ̀ Ṣáfíì tó kú ní ọdún 974 Hijira, nípa ẹni tí ópíọ́mù, oògùn olóró kan, ti di bárakú fún débi pé yóò kú bí kò bá jẹ ẹ́. Ó ní bí ìyẹn bá dájú, ó tọ́ fún un, ó tilẹ̀ di dandan, bí òkú ẹran ṣe tọ́ fún ẹni tí ebi fẹ́ pa kú. Ó tún ní dandan ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi gbàgbé rẹ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Àwọn Hánáfì gba ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé wọn, n kò sì rí ohun tó takò ó nínú ìlànà tiwa. Inú ópíọ́mù yìí ni kòdíìnì wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ti dáhùn láti bí ọ̀rúndún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tó pẹ́ nídìí ọtí líle náà, bó bá já a lójijì láìsí dókítà, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹ̀sìn ti arákùnrin rẹ̀ sínú ikú. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, tí wọ́n ń nà án pé àlùjànnú ni, má lọ. Àdádáálẹ̀ ni, ìwà ìkà sì ni.

Ìpàdé yín náà dára. Ohun tí Ànábì kọ̀ ni kí Ọlọ́hun bo ènìyàn láṣìírí lóru, kí ó wá máa fi yangàn láàárọ̀. Nawawi sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, al-Adhkar, pé ẹni tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún olùkọ́ tàbí ẹni bẹ́ẹ̀, tó ń retí kó fi ọ̀nà àbáyọ hàn án tàbí kó bá a tọrọ àdúà, kò burú, ó tilẹ̀ dára. Kìkì pé kí o má sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ adùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, má sì dárúkọ àwọn tí ẹ jọ ń mu ún.

Bá mi kí arákùnrin náà. N kò bínú sí i, ìtara ló ń ṣe é. Sọ fún un pé kí ó mú hàdíìsì ogójì ọjọ́ náà wá bá mi, ká jọ kà á dé ìparí.