Àwọ̀ eérú mẹ́ta tó jọra: èwo ni kí n fi kun pálọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ fi àwọ̀ eérú kun pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Mo ṣa mẹ́ta nínú ìwé àwọ̀ tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mi ò ríyàtọ̀ wọn mọ́. Kíríìmù ni táìsì ilẹ̀ wa, ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé kọjú sí. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ètò ilé. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí bébà funfun, kí ẹ wò wọ́n lójúmọmọ. Eérú tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan kò wọ́pọ̀, àwọ̀ mìíràn sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bébà yẹn ló máa tú àṣírí rẹ̀: ọ̀kan lè fà sí búlúù, òmíràn sí àwọ̀ ewé tàbí elésè àlùkò, òmíràn sí àwọ̀ iyanrìn.

Pẹ̀lú táìsì kíríìmù, èmi ò ní mú èyí tó fà sí búlúù. Kíríìmù á mú kí búlúù rẹ̀ yọ síta, àlejò á ní búlúù lẹ fi kunlé. Èyí tó fà sí iyanrìn ni mo fara mọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i, ìyẹn ò sì burú.

Ẹ má tíì ra garawa ńlá o. Ẹ ra èyí tó kéré jù, kí ẹ fi kun páálí fífẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ dáadáa, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Ẹ gbé páálí náà ti ògiri níbi tó ti kan táìsì, lẹ́yìn náà ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ẹ wò ó láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù yín gan-an. Ẹ ka ara páálí gílóòbù, nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: 6500K máa ń tàn funfun tó fà sí búlúù, 3000K sì máa ń pọ́n. Eérú kan náà á dà bí méjì lábẹ́ wọn.

Ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn kò bá ilé wa mu. N'Íbàdàn, láti bí oṣù kẹrin wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà. Ní àwọn oṣù yòókù, gúúsù ni.

Bí ẹ bá ti yàn, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí nọ́ńbà ara garawa wọn tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n pò wọ́n (batch number) bára mu. Kí akunlé yín sì da gbogbo wọn pọ̀ sínú ike ńlá kan, kó rò ó pọ̀ dáadáa kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.