Ìwé CAC Kò Sọ Yín Di Kọ́ńpìnnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gaàrí ni mò ń tà n'Ísánlú, mo sì ń ta ọjà wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti yọ owó orí kúrò fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Èmi náà ti forúkọ ìṣòwò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Ẹnì kan wá ní kí n mú ₦45,000 wá kí òun bá mi gba ìwé ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí, pé tí mo bá ti gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn kánsù pàápàá ò ní lè dá mi dúró. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ìyá wa, irú ìbéèrè yìí kẹrin rèé tó kàn mí lóṣù yìí, láti Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, inú sì ti ń bí mi. Ohun tí òfin fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ń dì sínú ọ̀rá tà.

Ṣùgbọ́n ká fi tiwọn sílẹ̀ ná. Àṣìgbọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tiyín náà. Kọ́ńpìnnì kékeré ni rédíò ń sọ. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: láti ìgbà òfin ìṣúnná ọdún 2019 ni kọ́ńpìnnì tí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25 náírà lọ́dún kò ti ní san owó orí kọ́ńpìnnì. Òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ló wá gbé òdiwọ̀n náà sókè.

Ẹ̀yin kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Orúkọ ìṣòwò lẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ìṣòwò sì dà bí orúkọ àlàjẹ́: ẹ̀yin náà ni wọ́n ń pè. Kọ́ńpìnnì dá dúró lójú òfin. Ó lè jẹ gbèsè kí gbèsè náà má kan ẹni tó ni ín. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ gbèsè, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Bó bá jèrè, èrè yín ni. Nítorí náà, owó orí ẹni tiyín ló kàn yín, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Lókójà ló sì ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Òfin kan náà ti ṣe tiyín. Nínú èrè ọdún kan, wọn kò ní gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Èrè ni mo wí o, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ tà!

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọjà. Ká ní ẹ ta ọjà ₦7,000,000 lọ́dún. Ẹ̀gẹ́, igi ìdáná, owó àwọn tó ń yan gaàrí, owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù kó ₦5,800,000 lọ. Ó ku ₦1,200,000. Bí ilé tí ẹ ń gbé bá jẹ́ ilé àyágbé ₦200,000 lọ́dún, wọ́n á tún bá yín yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn ₦40,000. Ẹ wá yọ ₦800,000 kúrò nínú èyí tó kù. ₦360,000 ló ṣẹ́ kù tí owó orí wà lórí rẹ̀, náírà 15 nínú 100, tó jẹ́ ₦54,000. Bó bá jẹ́ ₦780,000 péré lẹ jèrè lọ́dún náà, òdo ni.

Ta ló máa gbà yín gbọ́ tí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Tí kò bá sí àkọsílẹ̀, àwọn agbowó orí ló máa fojú díwọ̀n rẹ̀ fún yín, mi ò sì tíì rí ìfojúdíwọ̀n wọn tó gbe ọlọ́jà. Ìwé ọmọ iléèwé ti tó. Ẹ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde lálaalẹ́. Kódà tó bá já sí òdo, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta. (CAC náà ní ìròyìn ọdọọdún tirẹ̀ tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ kó tó di ìparí oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀.)

Ẹlòmíì á ní kí òun kúkú sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì. Láti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàhálà ìwé rẹ̀ ju ti gaàrí lọ. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí.

Ní ti kánsù, owó orí èrè yàtọ̀ sí owó ṣọ́ọ̀bù. Òfin ọdún 1998 tó pín owó láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ti fi owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà sọ́wọ́ kánsù. Òfin náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dínà lójú títì láti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè ìwé ìdánimọ̀, ẹ sanwó sí báńkì, ẹ gba rìsíìtì.

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ oṣù, tàbí ilé tí ẹ fi háyà, ìṣirò òkè yìí yóò yí padà. Ẹ gbé ìwé yín lọ fún akáúńtáǹtì kó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹni ₦45,000 yẹn ńkọ́? Ẹ ní kó kọ orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó máa buwọ́ lùwé náà sílẹ̀ kó tó gbowó. Àwọn méjì tí mo ti kọ́ ní ìbéèrè yìí ò tíì rí alájàpá tiwọn mọ́.