Agrippina méjì ni wọ́n, ìyá àti ọmọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá Agrippina ìyàwó Germanicus, ọ̀gágun Róòmù, náà ló bí Nero, olú ọba Róòmù. Rárá o. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Julia, ọmọ kan ṣoṣo tí Augustus, olú ọba Róòmù àkọ́kọ́, bí, ló bí Agrippina ìyá. Nígbà tí Germanicus kú ní Antioku lọ́dún 19, òun fúnra rẹ̀ ló gbé eérú ọkọ rẹ̀ padà sí Ítálì. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Brundisium pẹ̀lú ọmọ méjì, ó di ìkòkò eérú náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́kún. Ibí yìí máa ń ká mi lára gan-an ni.

Agrippina ọmọ, tí wọ́n bí lọ́dún 15, ni ìyá Nero. Lọ́dún 49 ó fẹ́ Claudius, olú ọba ìgbà náà, tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀! Èèwọ̀ ni lójú òfin Róòmù. Àfìgbà tí ilé aṣòfin yí òfin padà.

Nítorí náà, àtọmọdọ́mọ Augustus ni Nero lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ obìnrin mẹ́ta wọ̀nyí ni ẹ̀jẹ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.