Ẹ Bi Bàbá Láàbù: Kí Ló Dé Tí Egbò Ń Dùn Mí Lọ́jọ́ Kejì Ju Ọjọ́ Tí Ọ̀bẹ Gé Mi Lọ?

Bàbá Láàbù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gẹ́ ni mo ń bó tí ọ̀bẹ fi gé mi ní àtàǹpàkò òsì. Mo fi aṣọ wé e, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ tí ìka wú, tó pọ́n, tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ń ta mí lára. Ẹni tá a jọ ń yan gaàrí ní wọ́n ti fi oró sára ọ̀bẹ náà. Ṣé lóòótọ́ ni?
Ìyá Onígaàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má torí ọ̀bẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ara yín ló ń ṣe oró náà fúnra rẹ̀.

Bí ẹran ara bá ti ya, ẹ̀jẹ̀ a máa pèsè ohun kékeré kan tó ń jẹ́ bradykinin. Rocha e Silva àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bràsíìlì ló rí i ní 1949, nígbà tí wọ́n da oró ejò jararaca mọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ má sọ ìyẹn fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń yan gaàrí o, yóò ní òun ṣáà ti wí.

Bradykinin ò lè dá nǹkan kan ṣe àfi tó bá rí ẹni gbọ́ ọ. Receptor tó wà lójú awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń gbọ́ ọ. Ẹ gbà pé etí sẹ́ẹ̀lì ni. Oríṣi méjì ni. B2 ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, òun wà lára ohun tó mú kó dùn yín lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ gé yín. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ sú u: bí bradykinin bá ti bà lé e, sẹ́ẹ̀lì a fà á wọnú.

B1 gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Lára ẹni tí nǹkan ò ṣe, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ní 1977, Regoli àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ ehoro sínú omi, bí wákàtí sì ti ń gorí wákàtí ni iṣan náà túbọ̀ ń dá bradykinin lóhùn. B1 ló ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é, wà nínú sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò kàn kà á ni. Bí egbò bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun a tú IL-1 àti TNF jáde láti ránṣẹ́ sáwọn tó wà nítòsí. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó gba iṣẹ́ náà, purotéènì kan tó ń jí jíìnì wà, NF-κB lorúkọ rẹ̀, èyí tí Sen àti Baltimore kọ́kọ́ ròyìn ní 1986. Purotéènì mìíràn, IκB, ló dì í mú tí kò fi lè dé ìdí jíìnì. Bí ìránṣẹ́ bá ti dé, sẹ́ẹ̀lì a run IκB, NF-κB a bọ́, a lẹ̀ mọ́ DNA, okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, nídìí jíìnì B1, sẹ́ẹ̀lì a bẹ̀rẹ̀ sí í da jíìnì náà kọ kó lè fi ṣe B1. Wákàtí mélòó kan ló ń gbà kí B1 tuntun tó dé ojú awọ. Ẹ̀yin ń sùn, wọ́n ń ṣe é lọ.

Amino acid, ìyẹn èérún tí wọ́n so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, mẹ́sàn-án ló wà lára bradykinin. Bí wọ́n bá gé ti ìkẹyìn kúrò, mẹ́jọ tó kù ni B1 ń gbọ́ jù. B1 kì í sì í sá wọnú bíi B2, ṣe ló ń gbọ́ ṣáá. Ẹ wá ki irú ìka bẹ́ẹ̀ bọ omi ẹ̀gẹ́ kíkan!

Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́. Bó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ lọ gbà á. Ìpara ọjà tí wọ́n po stẹ́rọ́ìdì mọ́ ni mi ò fẹ́ rí. Ó ń dí NF-κB lọ́wọ́ lóòótọ́, wíwú á lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò á máa gbilẹ̀ lábẹ́. Ọyún irú egbò bẹ́ẹ̀ kọjá lábẹ́ máíkírósíkópù mi nígbà tí mo wà ní láàbù ní Ṣágámù: òkè rẹ̀ tutù nini, inú rẹ̀ kún fún kòkòrò. Bí ìlà pupa bá ń gòkè lọ sápá, tàbí ibà dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Sà, tí egbò bá jiná, ṣé B1 á ṣì wà níbẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìpẹru Rẹ́mọ

Rárá, ọmọ mi. Jíìnì IκB wà lára èyí tí NF-κB ń jí, nítorí náà IκB tuntun a padà wá dì í mú. Bí IL-1 àti TNF bá ti lọ sílẹ̀, a ò ní da jíìnì B1 kọ mọ́, èyí tó ti wà níta á sì gbó dànù. Irú làkúrègbé kan wà tí ara ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. TNF kì í sinmi níbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi ń fún ẹni tó ní in lóògùn tó ń dí TNF lọ́nà.