Ajá tó dákẹ́ lè máa jẹ̀rora

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ajá. Ẹ ní wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fún un ní ketamine (oògùn akunnilóorun tó tún ń bá ìrora jà) díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n fà sí i lára, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìrora ti lọ. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló tan èmi jẹ.

Jẹjẹrẹ eegun ni wọ́n torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀ iwájú ajá tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò ké, kò mira. Mo ní oorun ló ń sùn. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó fi ìka méjì tẹ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ínǹṣì 2 sí ojú ọgbẹ́. Wéré ló yí orí padà, ó yọ eyín sí i. Àṣé oògùn ló ń mú oorun kùn ún, ìrora wà níbẹ̀ digbí.

Ketamine tí kò tó èyí tí ń kun ajá lóorun iṣẹ́ abẹ (máíkrógíráàmù 2 sí 10 fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sábà máa ń lò) òun nìkan kò lè pa ìrora. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn máa sọ ìrora kékeré di ńlá. Ẹ bi dọ́kítà bóyá oògùn ìrora mìíràn bíi morphine wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé Glasgow, ìwé tí wọ́n fi ń fún ìrora ajá ní máàkì, ni wọ́n fi ń wọn tèmi: igbe, bó ṣe ń lá ọgbẹ́, ìrìn, ìdúró, bó ṣe ń ṣe tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Máàkì 24 ni gbogbo rẹ̀. Tó bá ti dé 6, kí wọ́n fi kún oògùn ìrora. Ajá tí kò bá lè rìn, wọ́n á yọ máàkì ìrìn kúrò, 5 nínú 20 ni ààlà tiẹ̀. Ẹnì kan náà ni kó máa wọ̀n ọ́n, torí ojú èmi àti ojú nọ́ọ̀sì kò rí nǹkan kan náà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìlùkìkì ọkàn, ketamine fúnra rẹ̀ máa ń mú un sáré.

Lálẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń mi orí, ó la ojú kalẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni. Mo ti ń pariwo pé kí wọ́n fi kún oògùn! Wọ́n tẹ ọgbẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Oògùn ló ń dà á láàmú. Wọ́n dín in kù, ó sì rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn lọ síbi abọ́ omi. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà, ó kàn wò mí, ó ń lá omi lọ.