Mítà 70, eruku lásán: ṣé kí n tún fowó kún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń gbẹ́ bọ́ọ̀hólù sílé mi n'Íbàdàn. A ti dé mítà 70, eruku funfun là ń rí. Aládùúgbò mi, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, mítà 38 ló ti kan omi. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní kí n fowó kún un káwọn tún wọlẹ̀ sí i. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń gbowó lórí mítà kọ̀ọ̀kan kì í sọ pé ó tó.

Òkúta líle ló pọ̀ lábẹ́ Ìbàdàn, inú rẹ̀ kì í mu omi. Pàlàpálá rẹ̀ lomi ń gbà. Òkúta tó lanu ni aládùúgbò yín kàn. Ẹ̀yin kan ibi tó dì gbagidi.

Ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ni òkúta yìí ti dì, pẹ̀lú ẹrù ilẹ̀ lórí. Nígbà tí ọ̀gbàrá ti wọ́ ilẹ̀ òkè lọ fún àìmọye ọdún, ẹrù fúyẹ́, òkúta wú, ó là. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè á ti rí awẹ́ òkúta tó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Kí ló dé tí kò là káàkiri? Ẹ wo náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà. Ẹ fà á títí, kò ní ya. Ẹ fi eyín bu igun rẹ̀ pẹ́ẹ́, ó di fàà! Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Griffith, fi dígí ṣàlàyé èyí ní 1921: etí àbùkù kékeré ni agbára ń kó jọ sí, bí ojú ibi tó là náà bá sì ṣe ń gùn sí i ni yóò máa rọrùn fún un láti ya lọ. Tó bá ti ya, òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń fà á, kò ní ìdí láti là mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an lẹ gbẹ́.

Ní ti wíwọlẹ̀ sí i, bí ẹ ṣe ń lọ nísàlẹ̀ ni ẹrù òkè ń tẹ ojú ibi tó là wọ̀nyẹn pa, tí omi kì í fi í rọ́nà gbà.

Ẹ bi wọ́n bóyá eruku yẹn pọ́n rúsúrúsú rí, bí irin tó dógùn-ún, tàbí kó rin díẹ̀. Omi ti gba irú ibẹ̀ kọjá rí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi mítà díẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ funfun gbuu láti mítà 40, ẹ dá wọn dúró, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń fi iná mànàmáná àti ọ̀pá irin yẹ ilẹ̀ wò, kó wá ibòmíì nínú ọgbà yín.