Iná UV, oògùn èékánná àti àlùwàlá

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Àáfà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì mú èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Wọ́n ti nípọn, wọ́n sì pupa rúsúrúsú. Wọ́n fún mi ní amorolfine 5% tí wọ́n ń kùn bíi kútẹ́ẹ̀sì. Ẹnìkan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, tún ní kí n máa wá fi iná UV tàn án. Ṣé àlùwàlá mi ń pé?

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumu-s-salām, arábìnrin wa. Iná kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ lórí èékánná. Kò dí omi lọ́wọ́, kò sì ba àlùwàlá tàbí ààwẹ̀ jẹ́. Bóyá ó ń wo àrùn náà sàn ló yẹ kí ẹ bèèrè. UV-C, irú iná UV kan tí ìgùn ìtànṣán rẹ̀ tó nanometer 254, ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà ní ìta gbangba, ṣùgbọ́n inú èékánná àti abẹ́ rẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tiyín sá sí, èékánná tó nípọn kì í sì í jẹ́ kí ìtànṣán náà wọlé tó bó ṣe yẹ. Ó lè jó awọ ara, ó sì lè pa ojú lára. Iná tí àwọn aṣe-èékánná fi ń gbẹ jẹ́ẹ̀lì kì í tilẹ̀ ṣe UV-C. Ẹ má sanwó fún un bí ìwòsàn.

Oògùn tí ẹ ń kùn ló kan àlùwàlá. Sūratul-Mā’idah, āyà 6, pàṣẹ pé ká fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, ìdí nìyẹn tí kútẹ́ẹ̀sì ọ̀ṣọ́ fi gbọ́dọ̀ kúrò. Tiyín yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kùn ún: ẹ ó fi fáìlì ha ojú èékánná, ẹ ó fi òwú tó mu sípíríìtì nù ún, kí ẹ tó kùn ún. Bí ẹ bá ń nù ún kúrò nígbà ìrun márààrún, kò ní ṣiṣẹ́. Nínú màdíhábì (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Màlíkì tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, bí ọ̀já ojú egbò ló rí: ọwọ́ tútù ni a fi ń pa á, a kì í tú u. Kódà àwọn àgbà onímọ̀ dárúkọ òróòro ẹran tí wọ́n máa ń fi bo èékánná tó bá ṣẹ́. Ẹ fọ gbogbo ẹsẹ̀ yòókù, kí ẹ fi ọwọ́ tútù pa gbogbo ojú èékánná méjì náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìwẹ̀ jánábà. Kò di dandan kí ẹ ní àlùwàlá kí ẹ tó kùn ún, ẹ kò sì ní san ìrun padà. Ṣùgbọ́n ẹ má kùn ún dé èékánná tí kò ní àrùn. Lọ́jọ́ tó bá sàn, ẹ ó padà máa fi omi fọ èékánná náà.

Èékánná ẹsẹ̀ máa ń gbà tó oṣù 12 sí 18 kó tó hù tán, ẹ má tètè dáwọ́ dúró. Ẹ lọ sí ẹ̀ka awọ ara ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí wọ́n gé díẹ̀ lára èékánná náà yẹ̀ wò, torí kì í ṣe gbogbo èékánná tó nípọn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá fún yín ní terbinafine oníhóró, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbé mì, 250 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹsẹ̀. Wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò. Nínú Ramadan, ẹ lò ó nígbà sàárì tàbí lẹ́yìn ìṣínu.

Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì mú sílípáàsì tiyín lọ sí mọ́ṣáláṣí. Sílípáàsì tí gbogbo ayé ń wọ̀ níbi àlùwàlá lè tan àrùn náà kálẹ̀.